Ìpadàbọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣètò: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín Lórí Ìrìn Ọjọ́ Àpéjọ Ńlá

Òkun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kábà, ní Ìjùmú, ní Yàgbà, ní Bùnú àti níbi gbogbo tí ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ń gbé. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: báwo ni ènìyàn ṣe ń rìn láàárín ìlú ní ọjọ́ tí ìlú náà bá kún fọ́fọ́ fún àlejò? Ìyá kan fẹ́ kó ọmọ lọ wo Eyọ̀ ní Èkó, bàbá kan ń bèèrè ọ̀rọ̀ rélùwéè, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan gbọ́ ìròyìn nípa Qatar, akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan ní Kábà sì ń wá bí wọn yóò ṣe gba àlejò láìdí ojú ọ̀nà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé inú wọn ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí wà.

*

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kábà. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Agége, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń sọ fún mi pé nígbàkígbà tí wọ́n bá tún kéde Eyọ̀, kí n kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta wá wò ó. Ọkọ mi ní èrò Èkó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é kó ọmọ wọ̀. Àbúrò mi kò ní mọ́tò, èmi náà kò sì ní. Ṣé a lè fi ọkọ̀ èrò lọ, kí a sì fi ọkọ̀ èrò bọ̀, láìsí wàhálà?
Ìyá àwọn ọmọ, Kábà

Ìyá wa, ẹ lè lọ, ẹ sì lè bọ̀, ṣùgbọ́n bíbọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọkàn sí. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá ń lọ síbi àpéjọ ńlá a máa fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wá bí yóò ṣe débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lílọ kì í sábà nira. Ẹnì kan ti jáde nílé ní aago méje, ẹnì kejì jáde ní aago mẹ́sàn-án, ẹlòmíràn dúró jẹun kó tó wọ aṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ni agbo ń kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbo bá tú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn ń dìde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣírò fún àwọn ọmọ kíláàsì yín. Bí 1,000 ènìyàn péré bá yọ sí bọ́sítọ́ọ̀pù kan pa pọ̀, tí danfó kan sì ń gbé èrò 14, danfó 72 ni wọn yóò nílò kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn danfó 72 náà yóò sì há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kan náà tí ó dá àwọn èrò dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ohun ìrìnnà tí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò bá mọ́tò du ojú títì, ni kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ojú mi rí i kí n tó máa sọ ọ́. Ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 2000, mo wà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà àti Cameroon ń gbá àṣekágbá ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwa bíi ọgbọ̀n ọ̀dọ́ ọmọ Òkun tí a ń gbé ní Èkó nígbà náà ni a dá owó jọ, tí a háyà ọkọ̀ kan lọ. A bá awakọ̀ ṣe àdéhùn aago tí yóò wá kó wa, ṣùgbọ́n ayò náà parí sí 2–2, wọ́n fi àkókò kún un, wọ́n tún wá gbá pẹnárítì, Cameroon sì borí pẹ̀lú 4–3. Nígbà tí a fi máa jáde, pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ó wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn, awakọ̀ wa ti lọ. A kò bá a sọ ohun tí yóò ṣe bí ayò bá pẹ́. Danfó tí ó bá sì yọ, kí ó tó dúró ni àwọn alágbára ti kún inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni a fi rin láti Sùúrùlérè gba Ojúẹlẹ́gbà títí a fi dé Yàbá kí a tó rí ọkọ̀, mo sì gbé ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan sí ẹ̀yìn fún èyí tí ó pọ̀ nínú ìrìn yẹn, nítorí pé oorun ti gbé e. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé aago tí wọ́n bá ní àpéjọ yóò parí kì í ṣe aago tí yóò parí, àti pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà kò tíì parí ètò ìrìn rẹ̀.

Nígbà yẹn, danfó àti mólùwẹ̀ ni ó kún Èkó. Ó ti yàtọ̀ báyìí. Oṣù kẹta ọdún 2008 ni àwọn ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS, a sì yà ọ̀nà sọ́tọ̀ fún wọn ní èyí tí ó pọ̀ nínú ìrìn náà. Ní 2015 ni wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ ojú irin ti àárín ìlú dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 dé Marínà, ìrìn kìlómítà 13 pẹ̀lú ibùdókọ̀ márùn-ún. Èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó dé Ọ̀yìngbò, ó sì ń dúró ní Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yàbá. Ẹ rí i pé Agége tí àbúrò yín ń gbé wà lára wọn. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tí àlejò máa ń ṣì í. Ọ̀yìngbò ni Red Line pin sí. Kò kọjá omi ọ̀sà. Eyọ̀ sì rèé, inú Ìsàlẹ̀ Èkó, ní òdìkejì omi, ni ó wà. Ẹni tí ó bá sọ̀ ní Ọ̀yìngbò ṣì ní láti gba Ìddó kọjá sórí afárá Carter kí ó tó bọ́ sí Ìdúmọ̀tà, bẹ́ẹ̀ a máa dí ojú títì púpọ̀ nínú erékùṣù náà mọ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ Eyọ̀. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ti kúrò ní Agége, kí ẹ lè rí ọkọ̀ tí yóò gbé yín kọjá afárá láti Ọ̀yìngbò kí wọ́n tó dí ọ̀nà. Bí ẹ bá pẹ́, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi gorí afárá yẹn, ọmọ kékeré kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti bíbọ̀, ẹ má ṣe padà sí ọ̀nà tí ẹ gbà lọ. Ibùdókọ̀ Blue Line wà ní Marínà, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ibikíbi tí ẹ bá ti ń wo Eyọ̀ nínú erékùṣù. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ níbẹ̀, ibùdókọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ti National Theatre, nígbà tí ẹ bá sì ti dé ibẹ̀, ẹ ti kọjá omi, ẹ ti jáde kúrò nínú agbo tí ó há. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú nìyí, ìyá wa: nígbà tí èrò bá pọ̀, ẹ má ṣe máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín délé tààrà. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí yóò yọ yín kúrò níbi tí ó há, kódà bí ó bá gbé yín gba ẹ̀bá kan. Láti National Theatre, ẹ lè wá ọkọ̀ sí Ọ̀yìngbò tàbí Yàbá kí ẹ sì tún wọ Red Line, tàbí kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin náà títí dé Mile 2, kí ẹ wọ mọ́tò láti ibẹ̀ lọ sí Òṣòdì. Èyí kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí èrò ń ti ara wọn, èmi yóò yàn án fún ẹni tí ó kó ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́. Kí àbúrò yín lọ bèèrè ní ibùdókọ̀ Agége, ní ọjọ́ tí ó ṣíwájú, aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn yóò kúrò, nítorí pé ètò ọjọ́ àjọ̀dún lè yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́. Kí ó béèrè ti àwọn ọ̀nà méjèèjì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kúrò níbi Eyọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan kí agbo tó tú. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín, ṣùgbọ́n wákàtí kan tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ lè gba yín lọ́wọ́ wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà.

Owó kọ́ ni a fi ń wọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, káàdì tí wọ́n ń pè ní Cowry ni. Owó inú rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà yóò yọ, bí ẹ bá sì ń jáde níbi tí ẹ sọ̀ sí, ẹ ó tún fi káàdì náà kan ẹ̀rọ. Kí àbúrò yín rà á sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ náà, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí owó tí ó wà nínú rẹ̀ sì tó fún lílọ àti bíbọ̀. Ìlà àwọn tí ó ń ra káàdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún kì í kúrú.

Ẹ tún mọ̀ pé Eyọ̀ kì í ṣe ìran lásán. Nǹkan ìsìnkú ọlọ́lá ni láti ìbẹ̀rẹ̀, Ọba Akíntóyè ti Èkó ni wọ́n sì ṣe é fún ní 1854. Ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Wọn kì í wọ bàtà kọjá níwájú Eyọ̀, wọn kì í gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere ní ọ̀nà rẹ̀, wọn kì í mu sìgá, obìnrin kì í dirun ṣùkú wá síbẹ̀, kì í sì í wé gèlè. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ó kan ìrìn yín: ẹ má ṣe ro ọ̀kadà mọ́ ètò yín rárá, bàtà tí ẹ ó bá sì wọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, kí ó jẹ́ sálúbàtà tí ó ṣe é bọ́ kíá, tí ó sì wọ inú àpò. Bí ọmọbìnrin yín bá ti dirun ṣùkú láti Kábà, kí ẹ tú u kí ẹ tó jáde ní Agége.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù a máa kọṣẹ́ níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù. Ẹ yan ibì kan tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá sọnù mọ́ ara yín lọ́wọ́; ilé ìjọsìn ńlá Cathedral tí ó wà ní Marínà dára, nítorí pé gbogbo ará ibẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n, kò sì jìnnà sí ọkọ̀ ojú irin. Ẹ kọ nọ́ńbà àbúrò yín sínú ìwé, kí ẹ fi sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Láti Kábà, ojúmọmọ ni kí ẹ rìn, kí ẹ sì dé Èkó ní ọjọ́ kan ó kéré tán ṣáájú. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rin ọ̀nà wa lóru lásìkò yìí nítorí àjọ̀dún kankan. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ìbẹ̀rù wọn tọ́, ṣùgbọ́n ètò lè borí rẹ̀.

*

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ń lọ sí àpéjọ ńlá kan ní Èkó, a tó ènìyàn méjìlélógún, a sì ní ìlù àti aṣọ akọrin láti kó. Ẹnì kan ní kí a lọ wọ rélùwéè ní Ìtakpé, pé yóò gbé wa dé Èkó láìsí gosiloo. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá akọrin, Ìyàrá

Rárá o, bàbá wa. Rélùwéè Ìtakpé kò dé Èkó. Warri ni ó ń lọ. Ọdún 1987 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí òkúta irin tí wọ́n ń wà ní Ìtakpé, tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ilé iṣẹ́ irin ní Àjàòkúta àti Aládjà, ọdún 2020 ni wọ́n sì tó ṣí i. Láti Warri, kò sí ojú irin tí ó so ó mọ́ Èkó, nítorí náà ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ lọ yóò tún wá mọ́tò gba Benin wá sí Èkó, ìrìn náà yóò sì gùn ju bí ẹ bá ti Ìyàrá lọ tààrà.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi mọ́tò dé Ìbàdàn. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láàárín Ìbàdàn àti Èkó, kìlómítà 157. Mọ́níyà ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́ ní Ìbàdàn, Alágòmẹ́jì ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, lẹ́bàá Yàbá, ni yóò sì gbé yín dé. Ó ṣe pàtàkì fún yín nítorí pé ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn a máa há gan-an nígbà tí àwọn ìjọ bá ní ìpàdé ńlá lẹ́bàá rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kò sì mọ̀ bóyá ó há. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ kò pọ̀. Bí ẹ kò bá lè bá ti ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ilé ìjọsìn kan ní Ìbàdàn tí ẹ ó sùn sí, kí ẹ wọ ti òwúrọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ti bíbọ̀ pa pọ̀ mọ́ ti lílọ bí ó bá ṣe é ṣe, kí ẹni méjì nínú yín sì máa ṣọ́ àwọn ìlù náà nìkan.

*

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo wà ní SS2 ní Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé nígbà tí wọ́n gbá ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Qatar, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń wọ ọkọ̀. Mo ní irọ́ ni. Ta ni ó jàre nínú wa?
Ọmọ Yàgbà, Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ ni ó jàre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí ó fi kún un pé àwọn tí ó ní káàdì ìdíje náà, tí wọ́n ń pè ní Hayya, ni a fún ní ọ̀fẹ́ yẹn. Ọdún 2019 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ìlú Doha bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìdíje 2022. Wọn kò dúró di ọjọ́ àlejò kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ní London, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì 2012, ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo eré nínú ìlú náà gba káàdì ìrìnnà ọjọ́ kan mọ́ ọn. Paris ṣe òdìkejì ní 2024: wọ́n fi owó kún un. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ yúrò 2.15 di yúrò 4 láti ọjọ́ 20 oṣù keje dé ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn tí ó ń gbé ìlú náà tí wọ́n ti san owó oṣù tàbí ti ọdún sílẹ̀ kò san ju bí wọ́n ṣe ń san tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àlejò ni ó ru ẹrù náà.

Èmi fara mọ́ ti London àti ti Doha. Bí ọkọ̀ èrò bá jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó ń bọ̀ wá wòran, kò ní ro mímú mọ́tò tirẹ̀ wá rárá, ìlú yóò sì mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ti Qatar kò gba owó púpọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Kenya ni wọ́n gbé sórí àga gíga létí ọjà Souq Waqif, tí ó wọ ìbọ̀wọ́ ńlá tí ìka rẹ̀ ń tọ́ka, tí ó ń fi gbohùngbohùn sọ fún àwọn èrò léraléra pé ibí ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn bí ìgbà tí a bá ń gbe orin, ẹni tí ó ti rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tí ó ṣìnà. Ka ìdáhùn tí ó tẹ̀ lé èyí, wà á rí ìdí tí mo fi sọ ọ́.

*

Olóòtú wa, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ètò ìrìnnà ni mí fún ọjọ́ ìlú wa ní Kábà. Lọ́dún tó kọjá, ojú títì àárín ìlú há títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ọmọ ìlú tí ó ti Àbújá àti Èkó wálé gbé mọ́tò wọn dé ẹnu pápá, àwọn ọlọ́kadà di ọ̀nà, àwọn tírélà dúró láàárín wa, àwọn àgbàlagbà sì fi ẹsẹ̀ rin lọ sílé ní alẹ́. A kò ní BRT, a kò sì ní rélùwéè nínú ìlú. Kí ni ìlú bíi tiwa lè ṣe?
Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Kábà

Akọ̀wé wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé ṣáájú àkókò. Ẹ má jẹ́ kí àìsí BRT dùn yín. Ohun tí ó ń mú BRT yára ni pé ẹlòmíràn kò gba ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn sì ni Kábà lè ṣe fún ọjọ́ kan pẹ̀lú okùn, igi àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọṣẹ́.

Ìlú wa jẹ́ oríta. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja tí ó gba Ọbàjànà wọ inú rẹ̀, ti Ìlọrin tí ó gba Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ti Èkìtì tí ó gba Ọ̀múò náà kò yà á sílẹ̀. Oore ńlá ni èyí lọ́jọ́ ọjà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àpéjọ, ẹni tí kò ní nǹkan kan ṣe ní Kábà rárá yóò máa bá àlejò yín du títì. Ọ̀nà oníkọnkéré kìlómítà 43 tí wọ́n ṣe láti Ọbàjànà wá sí Kábà ti mú kí ìrìn ibẹ̀ yá, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì sì ń tọ̀ ọ́. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, sí ọlọ́pàá, sí àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ni tírélà àti sí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dúró sí ẹ̀yìn ìlú fún àwọn wákàtí tí ẹ bá yàn. Ẹ dárúkọ wákàtí náà gan-an. Bí ẹ bá sọ pé «gbogbo ọjọ́», ẹnikẹ́ni kò ní gbà. Bí ẹ bá sọ pé láti aago mẹ́jọ dé aago mọ́kànlá òwúrọ̀, àti láti aago mẹ́rin dé aago méje ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ yóò lè fi ọgbọ́n ṣètò oúnjẹ àti oorun rẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba mọ́tò lọ́wọ́ àlejò kí ó tó wọ àárín ìlú. Ẹ yá pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìhà ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ó wọ ìlú, kí ẹ fi ẹ̀ṣọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hàn pé mọ́tò tí ó bá wà níbẹ̀ ní ààbò. Ọmọ ìlú tí ó ra ọkọ̀ tuntun yóò fẹ́ gbé e dé iwájú ọba, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tí yóò ká a lọ́wọ́ kò bí kò ṣe àpẹẹrẹ. Bí alága ìgbìmọ̀ àti àwọn olóyè bá kọ́kọ́ gbé tiwọn sí pápá, tí gbogbo ènìyàn sì rí wọn nínú bọ́ọ̀sì, ìtìjú ni yóò lé àwọn yòókù síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá àwọn ẹbí olóyè sọ̀rọ̀ ní ilé wọn lórí èyí. Odólú, Kátú àti Kábà, kí ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Owé, ìyẹn àwọn ọmọ Kábà, gbọ́ ọ láti ẹnu àgbà tiwọn, kì í ṣe láti ẹnu gbohùngbohùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Láti àwọn pápá yìí ni bọ́ọ̀sì yóò máa kó èrò wọlé. Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìjọ kò níṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tọrọ wọn, kí ẹ rọ epo sí wọn. Kí wọ́n máa gba ọ̀nà kan wọlé, kí wọ́n gba òmíràn jáde, kí ọkọ̀ méjì má ṣe kojú ara wọn ní títì tóóró. Ẹ̀yin ni ẹ mọ òpópónà tí ó bá èyí mu jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ rìn ín fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ mú aago lọ́wọ́. Bí bọ́ọ̀sì kan bá ń lo ìṣẹ́jú ogún láti lọ àti láti padà, tí ó sì ń gbé 18, ènìyàn 54 ni yóò gbé láàárín wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì mẹ́wàá yóò gbé 540. Ẹ fi iye yìí wé iye àlejò tí ẹ ń retí kí ẹ tó sọ pé ọkọ̀ tó.

Ẹ má ṣe lé àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́. Àwọn ni wọ́n mọ gbogbo kọ́nà, àwọn ni wọn yóò sì gbé ènìyàn dé ẹnu ilé lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì bá ti já a sílẹ̀. Ẹ pe àwọn olórí wọn, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye owó, kí ẹ kọ iye náà sára pátákó ńlá ní gbogbo ibi tí wọ́n ń dúró, kí ẹ fún àwọn tí ó bá gbà ní aṣọ aláràbarà tí ó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Nígbà tí owó bá ti wà lára pátákó, ìjà àti iyàn ti dín kù. Ẹ yan ibì kan fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ pápá, má ṣe jẹ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní láti gbà. Kí ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé nǹkankan sí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ì báà ṣe mọ́tò ọba.

Ẹ rántí ọmọ Kenya tí mo sọ fún ọmọ wa ní Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ wá ọ̀dọ́ mẹ́fà tí ohùn wọn dùn, kí ẹ gbé wọn sórí àga ní oríta, kí wọ́n máa fi èdè Owé pe èrò lọ sí ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Àlejò tí ó bá gbọ́ ohùn bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ lé e ju bí yóò ṣe ka pátákó lọ.

Ní ti àwọn àgbàlagbà tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lálẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò kúrò ní pápá ní ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn, kí ó kúrò kí ètò tó parí, kí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n láti òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má rò pé wọ́n ń lé òun. Ẹ bá àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe àdéhùn sórí ìwé pé wọn kò ní lọ nítorí pé aago kan lù, bí kò ṣe nígbà tí pápá bá ṣófo, kí ẹ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó wọn di ìgbà náà. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni kí ó gbẹ̀yìn, ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin akọ̀wé fúnra yín sì wà nínú èyí tí yóò kúrò kẹ́yìn.